Ibn Jubayr ní Ìlú Akka: Ẹ̀rí Ẹnu Arìnrìn-àjò



Iṣẹ́ tiwa ní abala yìí ni kí a máa gbé ìwé lé orí òṣùwọ̀n, kí a sọ ibi tí ó ti tẹ̀wọ̀n, kí a má sì fi ibi tí ó ti fúyẹ́ pamọ́. Ìwé tí a gbé lé òṣùwọ̀n lọ́tẹ̀ yìí ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Rihla ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Ìrìn-àjò. Ibn Jubayr ni ó kọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a ó yẹ̀ wò. Ojú ewé díẹ̀ tí ó fi ròyìn ìlú Akka, ìlú olódi tí ó wà ní etí òkun, ni a fẹ́ dúró lé lórí.

Ìdí tí a fi mú un ni pé àwọn ọmọ wa ń rìn lóde òní ju bí àwọn bàbá wa ti rìn lọ. Wọ́n ń lọ sí Mákà, wọ́n ń lọ sí Dùbáì, wọ́n ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá dé, fọ́tò ni wọ́n ń kó hàn wá. Bí a bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ti ń gba àlejò níbẹ̀, kí ni àgbẹ̀ ibẹ̀ ń rí jẹ lẹ́yìn tí ó bá san owó ìlẹ̀ tán, ẹnu a wọhò. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá lọ́hùn-ún ni ó dára, gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ni kò dára. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ibi tí kò bá ti jẹ́ ìlú Mùsùlùmí, ojú wọn kò ní rí rere kan níbẹ̀. Irú ẹlẹ́rìí báyìí, kò sí adájọ́ òdodo tí yóò fi ọ̀rọ̀ wọn dá ẹjọ́.

Ta ni Ibn Jubayr? Ìlú Valencia ní ilẹ̀ Andalusi, tí í ṣe Sípéènì òde òní, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1145. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ gómìnà ìlú Granada. Àwọn òpìtàn sọ pé lọ́jọ́ kan, gómìnà yìí fi agbára mú un kí ó mu ife ọtí méje. Nígbà tí ó rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti dun ọkùnrin náà tó, àánú ṣe é, ó sì bu owó wúrà kún ife náà lẹ́ẹ̀méje fún un. Owó yìí ni Ibn Jubayr fi gbéra lọ sí Háájì, kí Ọlọ́hun lè forí ẹ̀ṣẹ̀ náà jì í. Ó jáde ní Granada ní oṣù kejì ọdún 1183, èyí tí í ṣe ọdún 578 Híjírà. Ó dé Alẹkisáńdríà, ó dé Mákà àti Mẹ̀dínà, ó gba Bàgídáàdì, Mosul àti Aleppo dé Damásíkù, ó sì padà délé ní oṣù kẹrin ọdún 1185. Alẹkisáńdríà ni ó padà kú sí ní ọdún 1217.

Ìwé rẹ̀ níyì láàárín àwọn onímọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ ìrìn-àjò Ibn Battuta sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, wọ́n bu ọ̀rọ̀ Ibn Jubayr kún un níbi púpọ̀. William Wright tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Lárúbáwá ní ìlú Leiden ní ọdún 1852, R. J. C. Broadhurst sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1952. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè kan nínú méjèèjì lè kà á.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bá a wọ ìlú. Akka wà ní etí òkun Mẹditaréníà, ní àríwá ilẹ̀ Palẹstínì àtijọ́, lábẹ́ ìjọba Ísírẹ́lì lónìí. Ó yọ sínú omi bí ahọ́n, odi yí i ká, èbúté rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn jagunjagun Àgbélébùú tí wọ́n ti Yúróòpù wá, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Faranji, ti gbà á lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí láti ọdún 1104. Nígbà tí Ibn Jubayr bá ọ̀wọ́ oníṣòwò dé ibẹ̀ láti Damásíkù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1184, ọgọ́rin ọdún ti kọjá tí ìlú náà ti wà lọ́wọ́ wọn.

Àsìkò ogun ni. Bí ó ti ń jáde ní Damásíkù ni Sultan Salahuddin ń gbógun ti odi Karak. Ohun tí ó ya Ibn Jubayr lẹ́nu ni pé ogun kò dí ọ̀nà. Ọ̀wọ́ oníṣòwò Mùsùlùmí ń kọjá ní ilẹ̀ Faranji, ti Faranji ń kọjá ní ilẹ̀ Mùsùlùmí, oníkálukú ń san owó ibodè tirẹ̀, ó sì ń lọ ní àlàáfíà. Ní odi Tibnin, wọ́n gba dínárì kan àti kírátì kan lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí ó ti ìhà Mọ́rókò àti Andalusi wá. Wọn kò gbà á lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ìdí ni pé àwọn ará ìhà yẹn kan ti bá Nuruddin jagun ti Faranji rí, ni wọ́n bá fi owó náà jẹ gbogbo wọn níyà. Ibn Jubayr fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó san án, síbẹ̀ ó sọ ìdí rẹ̀ kalẹ̀ kò fi bò. Ẹ kíyè sí èyí. Ẹni tí ó lè sọ ìdí tí ọ̀tá rẹ̀ fi ń bínú sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ibodè Akka, wọ́n mú wọn lọ sí ilé ńlá kan tí wọ́n kọ́ fún ọ̀wọ́ oníṣòwò. Ní ẹnu ọ̀nà, ó rí pèpéle òkúta tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé. Àwọn akọ̀wé ibodè jókòó síbẹ̀, Nàsárá ni wọ́n, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ, òun náà ni wọ́n sì ń kọ. Ìkòkò tàdáwà wọn jẹ́ igi dúdú líle tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n yẹ ẹrù oníṣòwò wò, wọ́n yẹ ẹrù ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò wò bóyá ó fi nǹkan pamọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ibn Jubayr jẹ́rìí pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, kò sí ìkanra, kò sí ìrẹ́jẹ. Lẹ́yìn èyí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ háyà ilé lọ́wọ́ obìnrin Nàsárá kan, ilé tí ó kọjú sí òkun.

Ẹni tí ó bá ka ibí yìí nìkan lè rò pé ọkùnrin náà ń yin kéferí lásán ni. Ṣùgbọ́n kí a ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, sí ibi tí ó ti sọ̀kalẹ̀ ní Alẹkisáńdríà, ìlú Mùsùlùmí, lábẹ́ Salahuddin. Níbẹ̀, àwọn oníbodè kó àwọn àlejò Ọlọ́hun jọ bí ẹran. Wọ́n tú ẹrù wọn, wọ́n dà á rú, wọ́n ti ọwọ́ bọ ìgbànú wọn, wọ́n sì tún ní kí wọ́n búra bóyá wọ́n ṣì ní nǹkan lára. Wọ́n gba sàkà lórí owó tí wọn kò béèrè bóyá ó ti pé ọdún lọ́wọ́ olówó. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé fíkíhì mọ̀ pé owó tí ọdún kò bá yípo lé lórí, sàkà kò tíì jẹ dandan lórí rẹ̀. Àwọn tí ó yẹ kí ó mọ òfin ni ó tẹ òfin lójú, wọ́n sì fi orúkọ ìjọsìn bo ìwà wọn.

Níbí ni a ti rí agbára ìwé yìí. Ojú kan náà ni ó fi wo Alẹkisáńdríà tí ó fi wo Akka. Kálàmù kan náà ni. Kò pọ́n tàdáwà rẹ̀ nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tirẹ̀, kò sì fi ẹ̀tẹ́ kún un nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Ohun tí Ọlọ́hun pa láṣẹ fún wa ní Súratul Máídà, áyà kẹjọ, pé kí ìkórìíra àwọn ènìyàn kan má ṣe mú wa kúrò lójú ọ̀nà òdodo, ó ṣe é níṣẹ́. Àwa tí a ń sọ áyà náà lórí mínbárì lójoojúmọ́, mélòó nínú wa ni ó lè ṣe é nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan aládùúgbò wa tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa? Àwa náà ti Háájì dé lọ́dún kan, wọ́n sì yẹ ẹrù wa ní ibodè. Mùsùlùmí ni ẹni tí ó bú wa. Ẹni tí ó bá wa di ẹrù wa padà, ẹ̀sìn mìíràn ni ó ń ṣe. A fi ìdajì ìtàn náà pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó ka Ibn Jubayr tí ojú sì tì wá.

Àmọ́, ibì kan wà tí a ti bá a wí. Lẹ́yìn tí ó sọ ìwà àwọn oníbodè Alẹkisáńdríà tán, ó ní Salahuddin kò mọ̀ sí i ni, pé bí ó bá gbọ́, yóò fòpin sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ ọ pé ọba kò mọ̀, àwọn ẹmẹ̀wà ni. A mọ̀ pé Salahuddin jẹ́ olódodo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹnu ibodè kì í ṣe kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni àlejò ti kọ́kọ́ ń rí ojú olórí ìlú. Ìwé tí ó rí gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹn, ó yẹ kí ó béèrè ìdí tí ẹni tí ó wà lókè kò fi mọ̀.

Kí a padà sí Akka. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹwà ìlú náà fọ́ Ibn Jubayr lójú. Ó gbà pé ọjà ńlá ni, pé ọkọ̀ òkun àti ọ̀wọ́ oníṣòwò láti ibi gbogbo ń pàdé síbẹ̀, pé èrò pọ̀ ní òpópónà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò rí ilẹ̀ tẹ̀. Ó sì sọ pé ìlú náà ń rùn, ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ kún ibẹ̀. Nígbà tí ó dé ìlú Sur, tí Bíbélì ń pè ní Tírè, ó ní ìyẹn mọ́ ju Akka lọ. Ó rí i pé wọ́n ti sọ mọ́ṣáláṣí di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti sọ ilé ìpèrun di ilé agogo. Ṣùgbọ́n apá kékeré kan kù nínú mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Mùsùlùmí àlejò ti ń kírun, níbi tí wọ́n ń sọ pé sàréè Ànábì Sālih wà. Ní ìlà-oòrùn ìlú, orísun omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Ayn al-Baqar, èyí ni Orísun Màlúù. Mùsùlùmí kọjú sí mìhìrábù tirẹ̀ níbẹ̀, Nàsárá kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó fi sọ èyí, kò wàásù lé e lórí. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìbá ti fi ojú ewé mẹ́wàá ṣe àlàyé rẹ̀.

Ó tún rí àwọn ẹrú. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lójú ogun ń ṣiṣẹ́ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ tí irin wà ní ẹsẹ̀ wọn. Ó ní ọkàn ń já fún wọn, àánú kò sì tó nǹkan kan ṣe fún wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ka ìyìn tí ó fún àwọn akọ̀wé ibodè. Ìlú kan náà ni. Kápẹ́ẹ̀tì wà lórí pèpéle, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ilé. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ ti sọ ẹlẹ́rìí òdodo di elékèé.

Ibi tí ó le jù nínú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ní ọ̀nà Tibnin sí Akka, ó rí oko tí ó lọ jàra, Mùsùlùmí ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, Faranji ni olúwa wọn. Ìdajì ìkórè ni wọ́n ń san, pẹ̀lú dínárì kan àti kírátì márùn-ún ní orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti owó díẹ̀ lórí èso igi. Ilé wọn jẹ́ tiwọn, wọ́n sì ń ṣe àkóso ara wọn. Ó ní ara dẹ̀ wọ́n, pé èyí sì ti ń di ìdánwò fún ọkàn àwọn Mùsùlùmí, nítorí wọ́n ń rí àwọn arákùnrin wọn lábẹ́ olúwa Mùsùlùmí tí ara ń ni. Ó pe èyí ní àjálù fún àwọn Mùsùlùmí, pé kí wọ́n máa ké nítorí ìwà ẹni tiwọn, kí wọ́n sì máa rí ìdẹ̀ra lọ́dọ̀ ọ̀tá.

Àwọn kan nínú àwọn aáfà wa kì í fẹ́ kí ọmọ kéwú ka ibí yìí, wọ́n ní yóò dójú ti ẹ̀sìn. Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí sì ń fi ibẹ̀ nìkan nà wá bí ẹgba. Àwa kò bá èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ. Kì í ṣe Islām ni Ibn Jubayr bá wí, àwọn alágbára tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ Islām ni. Bí ó bá fi í pamọ́, ta ni ì bá kìlọ̀ fún wọn?

Síbẹ̀, níbí gan-an ni a ti rí i pé ẹ̀rí rẹ̀ kò pé. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú kí wọ́n wọ Akka, oko kan ni wọ́n sùn sí. Olórí ibẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn Faranji ni wọ́n fi í ṣe alábòójútó àwọn àgbẹ̀. Ó gba gbogbo ọ̀wọ́ náà lálejò, ó gbé oúnjẹ fún wọn nínú yàrá òkè ilé rẹ̀. Àlejò olórí oko ni Ibn Jubayr. Olórí oko ń jẹun lábẹ́ Faranji. Ó dára, kí ni ẹni tí ó di ọkọ́ mú ní ìsàlẹ̀ yóò sọ? Àgbẹ̀ tí ó bá kórè ọgọ́rùn-ún àpò ọkà yóò san àádọ́ta, kí ó tó wá owó orí. Àwọn bàbá wa tí ó dá oko kòkó mọ̀ pé ìdajì kì í ṣe ohun kékeré. Bí ó bá jẹ́ pé èyí ni ìdẹ̀ra, ó yẹ kí òǹkọ̀wé wa gbé iye tí àwọn olúwa Mùsùlùmí ń gbà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwa òǹkàwé lè fi ojú ara wa wọ̀n ọ́n. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. A gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n a gbà á bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń kọjá lọ.

Àléébù kejì ni èébú. Gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ dárúkọ ọba Akka, ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń pè é, ó sì ń pe ìyá rẹ̀ ní abo ẹlẹ́dẹ̀. Bí ó bá dárúkọ ìlú náà, yóò ṣépè fún un. A mọ̀ pé ogun ni, a mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà ń kọ̀wé, a sì ti rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí òun náà rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: kí ni èébú náà fi kún ẹ̀rí rẹ̀? Irin tí ó wà ní ẹsẹ̀ obìnrin ẹrú ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọba tí ó bú yìí, Baldwin kẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àrùn ẹ̀tẹ̀ ń bá jà ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ lẹ́tà sí wa, ẹ kọ́ ibi dáadáa ìwé yìí, ẹ fi èyí sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìdájọ́ tí ó ṣe pé kò sí àwíjàre fún Mùsùlùmí láti gbé ìlú kéferí, àfi bí ó bá ń kọjá lọ. Àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ti bi wá léèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn wa ni pé arìnrìn-àjò ni Ibn Jubayr, kì í ṣe múfútì ìgbà tiwa. Ìlú tí wọ́n ti ń fi irin de Mùsùlùmí ni ó wò kí ó tó sọ ọ́. Òun náà sì wọ ọkọ̀ àwọn ará Genoa kúrò ní Akka, ọkọ̀ tí ó ní arìnrìn-àjò Nàsárá nínú ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Nígbà tí ọkọ̀ náà fọ́ ní Messina, William, ọba Sicily, ọba Nàsárá, ni ó san owó fún àwọn Mùsùlùmí tálákà kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré lè gbé wọn gúnlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ èyí náà sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ gbòòrò ju ìdájọ́ rẹ̀ lọ.

Kí ni ó kù ní Akka tí ó rí? Salahuddin gbà á ní ọdún 1187, àwọn Faranji tún gbà á ní 1191, àwọn Mamluk gbà á pátápátá ní 1291, wọ́n sì wó o. Ó di ahoro fún ìgbà pípẹ́ kí Zahir al-Umar àti Ahmad Pasha al-Jazzar tó tún un kọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Mọ́ṣáláṣí al-Jazzar ti wà láti ọdún 1781. Odi yẹn ni Napoleon kọlù ní 1799 tí kò rí wọ̀. Àjọ UNESCO fi ìlú àtijọ́ náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2001. Odi tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, kì í ṣe èyí tí Ibn Jubayr wọ̀. Púpọ̀ nínú ti ìgbà tirẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Pèpéle ti lọ, ìkòkò tàdáwà ti lọ. Ohun tí a fi mọ̀ pé àwọn akọ̀wé ibodè kan fi ọ̀wọ̀ gba àlejò níbẹ̀ ni pé àlejò kan tí kò fẹ́ràn wọn kò fi òótọ́ wọn pamọ́.

A gba ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéwú níyànjú kí ẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní ojú ewé Alẹkisáńdríà àti ti Akka papọ̀, ẹ má fún wọn ní ọ̀kan láìfún wọn ní èkejì. Lárúbáwá rẹ̀ dùn, kò sì le púpọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rìnrìn-àjò, ẹ mú ìwé kékeré dání. Ẹ kọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, ẹ kọ bí wọ́n ti gbà á. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó di ọkọ́ mú, kí ẹ má fi ti olórí oko nìkan ṣe. Bí ẹ bá sì padà délé, ẹ sọ fún wa bí ó ti rí gan-an, ìbáà ṣe pé yóò dùn wá.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí a wà lára àwọn ẹlẹ́rìí òdodo, kí ó sì forí ohun tí a fi pamọ́ jì wá. Àmín.